Ta Ló Kó Kétu? Ìrìn-àjò Wa sí Kpankou

Láti ìgbà tí a ti dé ni ẹ ti ń bi wá pé kí ni a rí kó bọ̀ láti Kétu. Àwọn kan nínú yín ń retí àkójọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè, àwọn yòókù ń retí gàrí. Gàrí ti tán. Àkójọ ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ olùkọ́ wa, ẹ óò rí i nígbà tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ohun tí a fẹ́ sọ níhìn-ín ni èyí tí kò rí àyè bọ́ sí nínú ìwé iṣẹ́ tí a gbé lọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni a ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́ láti Kétu títí a fi délé.

Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú kíláàsì ìtumọ̀-èdè ni olùkọ́ wa ti fún wa ní iṣẹ́ kan tí ó dà bí eré. Ó ní kí á kà á sí pé wọ́n ń tún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ṣe, ilé tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé máa wá kọ́ nípa ìwà ìkà àtijọ́, kí irú rẹ̀ má baà wáyé mọ́. Pátákó kan yóò wà lára ògiri níbẹ̀ tí yóò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Kétu ní ọdún 1886. Àyè orí pátákó náà kò ju ogójì ọ̀rọ̀ lọ. Yorùbá ni kí á fi kọ ọ́, kì í ṣe pé kí á kọ Faransé kí á wá máa túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kí á tó mú un wá fún òun, kí á lọ kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Olùkọ́ wa kò lá àlá. Ní orílẹ̀-èdè Benin, títún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe ti di iṣẹ́ ìjọba láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Odi àwọn Potogí ní Ouidah, tí wọ́n kọ́ ní 1721 tí ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1967, ni ìjọba dáwọ́ lé láti sọ di ilé ìrántí òwò ẹrú fún gbogbo ayé. Ní Abomey, níbi tí ààfin àwọn ọba Dàhòmì wà, èyí tí UNESCO kọ mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1985, wọ́n ṣètò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun tí wọ́n fi orúkọ àwọn ọba àti àwọn obìnrin ogun Dàhòmì pè. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni ohun 26 tí ọ̀gágun Dodds àti àwọn ọmọ ogun Faransé kó nínú ààfin yẹn ní 1892 padà sílé, ère ọba, ìtẹ́ ọba àti ilẹ̀kùn ààfin wà nínú wọn. Ní oṣù keje 2022, wọ́n ṣíṣọ lójú ère obìnrin ogun kan ní Cotonou, gíga rẹ̀ tó mítà 30. Ọdún yẹn kan náà ni sinimá Amẹ́ríkà kan jáde nípa àwọn obìnrin ogun wọ̀nyí. Àwa náà wò ó ní ilé ẹ̀kọ́, a sì pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí a gba iṣẹ́ olùkọ́ wa ni a tó béèrè lọ́wọ́ ara wa pé ta ni àwọn akọni obìnrin yìí ń bá jà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, Yorùbá ni. Kétu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìjọba Yorùbá tí ó ti pẹ́ jù, ìwọ̀-oòrùn ni ó sì wà, ibi tí ilẹ̀ Yorùbá ti fara kan ilẹ̀ Dàhòmì. Odi àti yàrà ni ó yí ìlú náà ká; ẹnu-bodè rẹ̀, Àkàbà Ìdènà, ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Abẹ́òkúta lé Dàhòmì padà ní 1851, ó tún lé e padà ní 1864, a sì ń kọ́ ọmọ wa ní ti ìṣẹ́gun méjèèjì. Ti Kétu kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ayé Glele, ẹni tí ó jọba ní Dàhòmì láti 1858 sí 1889, ni wọ́n kọlu Kétu ní 1883, tí wọ́n tún padà wá dó tì í títí ebi fi wọ inú ìlú. Ìtàn sọ pé ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni wọ́n fi tan àwọn olórí ogun Kétu jáde. Ní 1886 ìlú bọ́, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó ẹni tí wọ́n lè kó lọ sí Abomey. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, kò sí Kétu. Lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tí ó kù láàyè padà wá ní 1894, tí wọ́n fi Onyegen jẹ Alákétu, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé kọ́ sórí eérú.

Ẹ jẹ́ kí á ya bàrà díẹ̀. Àwọn àgbà Kétu máa ń fi orúkọ ìlú wọn wé ìbéèrè kan: ta ní í tú iké abuké, ta ní í tú ìlú? Kò sí ẹni tó lè mú iké gún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè tú ìlú yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe kọ́ọ̀sì ìtàn èdè yóò sọ pé ìtúmọ̀ orúkọ tí ará ìlú fúnra wọn hun ni, a kò sì bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn sọ́wọ́, *tú*. A óò padà sórí rẹ̀.

Àwa mẹ́rin ni a lọ. Mẹ́ta nínú wa jẹ́ ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà. Ẹnì kẹrin jẹ́ ọmọ Benin. Fọ̀n ni bàbá rẹ̀, Bohicon ni ilé wọn, kò sì ju ìrìn díẹ̀ lọ láti ibẹ̀ sí Abomey. Òun ni ó gbọ́ Faransé jù, òun náà ni ọwọ́-ìkọ̀wé rẹ̀ dára jù, ni a bá fi í ṣe akọ̀wé.

Ẹ mọ bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè ṣe máa ń ṣe: kí mọ́tò tó kúrò ní gáréèjì, a ti dá àbá. Ẹnì kan nínú wa ní iṣẹ́ yìí yóò rọrùn ní Yorùbá ju ní Faransé lọ. Ó ní nínú Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn lè kọ ọ́ pé ìlú bàjẹ́, pé wọ́n di ẹni ìgbèkùn, kí ó má sì dárúkọ ẹni tí ó ṣe é. Àbọ̀ á gun orí àga olùwà, olùwà á gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ. Yorùbá kò ní irú gbólóhùn yẹn. Bí ẹnì kan bá kó ẹnì kan, ẹni tí ó kó o gbọ́dọ̀ jókòó síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe níbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i. Inú wa dùn. Ó dà bí ẹni pé èdè wa nìkan ni kò mọ irọ́ pa.

Ìdùnnú náà kò bá wa dé Mẹ̀kọ. Ẹni tí ó dá àbá yẹn ló kọ́kọ́ kọ gbólóhùn tirẹ̀: *Ní 1886, a kó àwọn ará Kétu lẹ́rú.* Akọ̀wé wa wò ó títí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kó wọn?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. *A* inú ìwé àti inú Bíbélì yìí, èyí tí a fi ń sọ pé *a bí i*, *a kàn án mọ́gi*, kò jọ ti ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ arọ́pò-orúkọ tiwa gan-an ni. Ẹ gbé e lé ara ògiri ilé ìrántí, kí ọmọ ọdún mẹ́wàá wá kà á, yóò rò pé àwa ni a jẹ̀bi.

A pa á rẹ́. Ẹlòmíràn kọ *Kétu tú ní 1886*. Ó dùn létí, ó sì dáhùn ìbéèrè àwọn àgbà nípa iké. Àmọ́ ta ló tú u? Olùwà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi ni wọ́n fi ṣe olùwà! Bí ọmọdé bá fọ́ àwo ìyá rẹ̀, kì í sọ pé *mo fọ́ àwo*. *Àwo fọ́* ni yóò sọ. Ilé jó, owó sọnù, ìlú tú. Ó hàn gbangba pé èdè wa náà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí gbogbo wa fẹ́ràn: *Ogun kó Kétu ní 1886.* Èyí ni Yorùbá tí ó jinlẹ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ogun kó wọn, ogun gbé e lọ, ogun dé. A fi ìlà sí i nídìí, a sì gbà pé iṣẹ́ ti parí, ó ku kí á lọ kà á fún ẹni tí yóò yìn wá.

A gba Mẹ̀kọ àti Ilárá kọjá. Ní 1889 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó pín ilẹ̀ yìí, nígbà tí Kétu fúnra rẹ̀ wà ní ahoro tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà ní ìgbèkùn. Mẹ̀kọ àti Ilárá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ní ẹnu-ibodè, àwọn aṣọ́bodè bi wá ní ohun tí a ń wá lọ. A ní ọ̀rọ̀ ni. Ọ̀kan nínú wọn ní kí á san owó ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni ó ń rín. Láti ibẹ̀ ni a ti gun zémidjan, ọ̀kadà àwọn ará ibẹ̀, lórí ilẹ̀ pupa tí ó sọ gbogbo wa di aláwọ̀ kan náà.

Kpankou jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbègbè mẹ́fà tí ó wà lábẹ́ Kétu. Orúkọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dá wa lẹ́kun. Ọ̀kan nínú wa kọ ọ́ sínú ìwé bí a ṣe ń kọ ìró yẹn ní Nàìjíríà, p nìkan, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń wo ìwé wa bá béèrè pé k rẹ̀ dà. Ẹ rántí pé láti 1975 ni Benin ti ní álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà, wọ́n sì ń kọ kp níbi tí a ti ń kọ p, wọ́n ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí àwa ti ń fi àmì sábẹ́. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ Kétu ka pátákó wa, *ọ̀pọ̀* wa yóò di *ɔ̀kpɔ̀*, *padà* wa yóò di *kpadà*. A kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣòro kìíní, a kò mọ̀ pé òun ni yóò rọrùn jù.

Ìyá àgbà tí wọ́n mú wa lọ bá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, ó gbàdúrà fún wa, ó ní kí á jókòó. Ẹ̀gẹ́ ni ó ń bó, kò sì dá a dúró; bí a bá béèrè ohun tí ó wù ú láti dáhùn, ọ̀bẹ á rọra lọ, bí kò bá wù ú, ọ̀bẹ á yára. A béèrè ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ara. Lẹ́yìn èyí ni a béèrè ọ̀rọ̀ ogun.

Ó ní, "Wọ́n kó wa."

Ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. Ó ní, "Ìyá, ta ni wọ́n kó?" Ìyá ní, "Àwa. Wọ́n kó wa lọ sí Abomey." Ọdún 1886 nìyẹn o, ìyá kan tí wọn kò tíì bí ìyá rẹ̀ nígbà náà. Ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n kó, ọmọdé tí eyín rẹ̀ ń ká. Òun ló tọ́ ìyá yìí dàgbà. Ìyá ní ọwọ́ obìnrin kan ni ó mú un jáde kúrò ní ìlú, obìnrin tí ó gbé ìbọn. Ó ní ìyá ìyá òun kò rántí ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń rántí, pé ó le bí ọwọ́ ọkùnrin. A rántí ère Cotonou, mítà 30, a kò sì wo ojú ara wa.

Ó tún sọ ohun kan. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, ìyá àgbà náà máa ń pe omi ní *sin* bí ó bá ń tòògbé tàbí bí ara rẹ̀ kò bá yá. "Mo rò pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan ni. Mo rò pé bí àgbà ṣe ń pe omi nìyẹn." Ọdún mẹ́jọ ní Abomey, láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ń ká títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di wúńdíá. Akọ̀wé wa, tí kò tíì sọ ohunkóhun láti ìgbà tí a jókòó, rọra ní, "Ìyá, Fọ̀n ni." Ìyá ní òun ti mọ̀. Ó ní, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ó sọ ọ́. Ọ̀bẹ dúró fún ìgbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó pe ọmọbìnrin kan pé kí ó fún àlejò ní omi, ó sì fi ọwọ́ tọ́ka pé òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún.

A wá ka gbólóhùn wa. *Ogun kó Kétu ní 1886.* A ń retí ìyìn. Ìyá ní, "Ogun wo? Ogun ní ẹsẹ̀ ni?"

A yí i padà lójú ẹsẹ̀, a ní *Àwọn Dàhòmì kó Kétu*. Èyí náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní èwo ni àwọn Dàhòmì? Ìyàwó ọmọ òun, ibẹ̀ ni ó ti wá, òun ló bí ọmọ tí ó gbé omi fún wa yìí. Ṣé kí ọmọ yẹn lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ó kà á pé ìyá òun kó ìyá-ńlá òun? Ó ní ẹni tí ó ṣe é ní orúkọ. Ọba ni. Glele ni. Ó ní kí á kọ Glele. Ó ní kí á má sì dá dúró síbi tí wọ́n ti kó wọn. "Ẹ kọ ọ́ pé a padà wá."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, nínú yàrá tí bàbá tí ó gbà wá sílé fún wa, a jà. Kì í ṣe ìjà ọwọ́. Ọ̀kan nínú wa ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Abomey rí, ó sì ń ṣàlàyé ìtẹ́ Ghezo tí ó dúró lórí agbárí ènìyàn mẹ́rin, àti àwọn àwòrán tí wọ́n fi amọ̀ yọ lára ògiri ààfin Glele, níbi tí ọmọ ogun Dàhòmì ti ń pa ọ̀tá, tí ọ̀tá náà sì ń jẹ́ Nàgó, èyí tí í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá. Láàárín 1993 sí 1997 ni àwọn onímọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ Getty ní Amẹ́ríkà àti àwọn òṣìṣẹ́ Benin jọ tún 50 nínú àwọn àwòrán náà ṣe, wọ́n fọ amọ̀, wọ́n dí ibi tí ó sán. Ọ̀rẹ́ wa ní iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ṣé kò yẹ kí wọ́n gbé ohùn Nàgó tí ó wà nílẹ̀ nínú àwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ó sọ ọ́ gbígbóná. Ó tilẹ̀ fi ọwọ́ tọ́ka sí akọ̀wé wa, bí ẹni pé òun ló ya àwòrán náà.

Akọ̀wé wa ní kò burú. Ó ní, ta ló kó Àjàyí Crowther?

Gbogbo wa dákẹ́, torí a mọ ìdáhùn rẹ̀. Bàbá ìmọ̀ èdè Yorùbá ni, ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ jáde ní 1843, ó sì wá sí Kétu yìí gan-an ní 1853. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n kó o ní Òṣogùn ní 1821. Kì í ṣe Dàhòmì ló kó o. Nínú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ará Ọ̀yọ́ wà lára wọn, àwọn tí wọ́n ń sọ èdè tí ó ń sọ. Akọ̀wé wa kò dúró níbẹ̀. Ó ní kí á lọ sí Badagry, kí á wo ilé Seriki Abass tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìtàn sọ pé ọmọ Yorùbá ni, Dàhòmì kó o ní kékeré, ó dé Bràsíl, ó padà wálé, òun náà sì di oníṣòwò ẹrú. "Níbo ni ẹ fẹ́ fi *wọ́n* sí nínú ìyẹn, níbo ni ẹ fẹ́ fi *wa* sí?" Kò pariwo. Ó wá fi kún un pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n kó dé Abomey ni wọ́n fi ṣe aya níbẹ̀, pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ nínú ilé wọn ibi tí ìyá ìyá bàbá òun ti wá, wọn kì í béèrè. Ó ní ó lè jẹ́ Kétu.

A kò rí oorun sùn tó. Ọ̀kan nínú wa mú ọ̀rọ̀ Kossola wá, torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà nípa rẹ̀. Ọkùnrin yìí wà lára àwọn bí 110 tí ọkọ̀ Clotilda kó láti Ouidah lọ sí Alabama ní 1860. Àwọn onímọ̀ ìtàn sọ pé Yorùbá ni, láti agbègbè Bantè ní Benin òní. Ó pẹ́ láyé títí Zora Neale Hurston fi bá a sọ̀rọ̀ ní 1927 sí 1928, ìwé náà kò sì jáde títí di 2018. Kò sọ pé ogun kó òun. Ó dárúkọ Dàhòmì, ó sọ bí wọ́n ṣe wọlé láàárọ̀ kùtùkùtù, tọkùnrin tobìnrin wọn. Ní oṣù keje 2023 ni wọ́n ṣí ilé ìrántí kan sí Africatown fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní Bàhíà náà, ẹ̀ka ẹ̀sìn òrìṣà kan ń jẹ́ Ketu títí di òní. Ní 2024 ni Benin ṣe òfin tí ó fi àyè gba ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ẹ wo irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bí ó bá dé láti Bàhíà, tí ó dúró níwájú pátákó wa. *Ogun kó wọn*: kí ni yóò rí gbá mú níbẹ̀?

Ìwé gbólóhùn wa di mẹ́sàn-án ní òwúrọ̀. A lọ sí Kétu, a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Àkàbà Ìdènà níbi tí òjìji wà, a bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ń jà ní alẹ́ àná ló ní kí á fi ohun tí akọ̀wé sọ nípa àwọn ìyàwó sí i. Akọ̀wé ló ní kí á má yọ *lóbìnrin*. Lórí *wa* ni a pẹ́ sí jù. Ìwé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í sọ *wa*. *Wọn* ni ó bófin mu, *àwọn ará Kétu*. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi *wọn* sí i, *wọ́n* méjì ni yóò wà nínú gbólóhùn kan, ẹni tí ó kó àti ẹni tí wọ́n kó, ohùn nìkan ni yóò sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá ka àmì ohùn dáadáa yóò pòrúrùú. Ìdí tí a sọ fún ara wa nìyẹn. Akọ̀wé wa ló kọ ọ́ ní àkọyanjú, kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́:

*Ní 1886, Glele ọba Dàhòmì àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, sun Kétu, wọ́n sì kó wa lọ sí Abomey. Ọ̀pọ̀ wa kú sọ́nà. Àwọn kan di ìyàwó, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ní 1894, àwa tí ó kù padà wá.*

Ogójì géérégé. Ẹ lè kà á. A padà sí Kpankou lọ kà á fún ìyá, ó gbọ́ ọ dópin, ó ní kí á tún un kà, a tún un kà. Ó ní ó dára, ó wá bi wá bóyá a ti jẹun.

Olùkọ́ wa ti dá ìwé náà padà báyìí. Kò fi ọwọ́ kan àmì ohùn kankan, èyí tí kì í sábà ṣẹlẹ̀. Ó kàn fi báírò pupa yí *wa* po, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Ta ni?" Ọjọ́ Ẹtì tí ń bọ̀ ni a gbọ́dọ̀ dáhùn. Akọ̀wé wa ní òun ni yóò kọ ìdáhùn náà, ìwé sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé.